Ẹ má ki ẹ̀ka róòsì bọ inú pòtétò

Ẹ̀yin ará wa ní Àbújá, irọ́ ni fídíò tó ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé bí ẹ bá ki ẹ̀ka róòsì bọ inú pòtétò kí ẹ tó rì í mọ́lẹ̀, kíá ló máa ta gbòǹgbò. Omi nìkan ni pòtétò lè fún un, ilẹ̀ tútù náà sì ní in. Ńṣe ló máa ń jẹrà, tí ẹ̀ka á sì bá a jẹrà. Ó dùn mí pé a ń fi oúnjẹ ṣòfò báyìí.

Ẹ gé ẹ̀ka tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15, lábẹ́ oríkèé ewé gan-an. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ dànù, kí ẹ ri ìdajì rẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀ tí omi kì í dá dúró sí, níbi ìbòòji. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ló dáa jù; ọyẹ́ ibí yìí máa ń tètè gbẹ ẹ̀ka tí kò tíì ní gbòǹgbò.