Ẹ jẹ́ kí n rìn ín bí ara mi ṣe gbà á

Inú ń bí mi láàárọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ẹnì kan tún bi mí pé, ṣebí ara ló ń ro mí, kí ni mo wá ń rìn káàkiri Sùúrùlérè fún ní ìdájí? Ẹnì kejì gbà á lẹ́nu rẹ̀ pé ká ní mò ń sáré dáadáa ni, ara ríro náà ì bá ti lọ. Nínú àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Fibromyalgia, àìsàn tó ń mú kí gbogbo ara máa roni, ló ń bá mi jà. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí fọ́tò egungun tó lè fi í hàn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè wá lọ́lẹ. Bí dókítà ṣe là á yé mi ni pé ọpọlọ àti iṣan tó ń gbé ìrora ló ń ṣe àṣejù: ohun tó yẹ kí ara gbà bí ìfọwọ́kàn, ọpọlọ á gbà á bí ìgbájú. Láàárọ̀ ọjọ́ mìíràn, okùn kọ́mú lásán á máa ta mí léjìká bí ẹni pé iná jó mi. Mo lè sùn fún wákàtí mẹ́jọ, kí n jí bí ẹni tó fi gbogbo òru ru yanrìn.

Mo ti gbìyànjú jíìmù rí. Olùkọ́ ibẹ̀ ní kí n fara dà á, pé bó bá ti ń dùn mí ló ń ṣiṣẹ́. Ìṣẹ́jú 45. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni àbúrò mi fi ń bá mi wọ aṣọ. Ni mo bá jókòó sílé fún oṣù mélòó kan, ó wá burú sí i, àtẹ̀gùn ilé wa di òkè Olúmọ fún mi.

Nínú ìmọ̀ràn tí EULAR, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ làkúrègbé ní Yúróòpù, gbé jáde ní 2017 lórí àìsàn yìí, eré ìdárayá nìkan ni wọ́n tẹnu mọ́ gidigidi. Oògùn kankan ò rí irú ẹ̀ gbà. Ṣùgbọ́n díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ẹni tó ń bá mi ṣe físíò fi bẹ̀rẹ̀ fún mi, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀: láti ẹnu géètì wa dé ọ̀dọ̀ fọganáísà, kí n yí padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, a fi ìṣẹ́jú kan lé e. Mo ti dé 25 báyìí.

Ọjọ́ tí ara bá yá gan-an ni ewu wà. Wàá fẹ́ fọṣọ, wàá fẹ́ lọ sí Tejúoṣó, wàá fẹ́ se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan, bó bá sì di ọjọ́ kejì, o ò ní lè gbé ife omi. Kí ara yá, kí n sì yí padà níbi tí mo fi sí, ó le fún mi ju ìrora lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹni tí àìsàn yìí ń bá fínra nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé e sáré, ẹ má sì dá a dùbúlẹ̀. Ẹ bá a rìn, kí ẹsẹ̀ yín má yá ju tirẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ àná, mo dé ọ̀dọ̀ ìyá alákàrà, ara mi ṣì ń fẹ́ lọ. Mo wo aago, mo yí padà. Ìyá gbé ṣíbí kúrò nínú epo, wọ́n ní, "Ẹ ò rìn mọ́ ni, àǹtí?"

Mo ní, "Ó dọ̀túnla, mà."