Ẹ jẹ́ kí owó ìjọba ìbílẹ̀ dé ìbílẹ̀

Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, ní Eagle Square l'Ábùjá, Ààrẹ Bola Tinubu búra tán, ó sì kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, jálá epo tí à ń rà ní nǹkan bíi náírà 190 ti wọ 500. Nígbà tó fi di oṣù Keje, ó ti di 617 l'Ábùjá.

Kò sí bí ìrànwọ́ yẹn ṣe lè máa lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn onífàyàwọ́ ń gbé epo náà gba ẹnubodè wọ orílẹ̀-èdè Benin, gbèsè sì ni ìjọba ń jẹ láti san án. Ṣùgbọ́n Ààrẹ ṣe ìlérí kan lọ́jọ́ náà: owó tó bá ṣẹ́kù yóò lọ sórí ohun amáyédẹrùn, ẹ̀kọ́, ìlera àti iṣẹ́. Ìlérí yẹn la dìrọ̀ mọ́.

Owó tó ṣẹ́kù náà ń wọ inú owó àpapọ̀ tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ ń pín lóṣooṣù. Nínú owó àpapọ̀ yìí, ìdá 20.60 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 774. Àmọ́ ẹsẹ 162(6) ìwé òfin ọdún 1999 ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àpò àjọni fún káńsù rẹ̀, gómìnà ló sì ń di ẹnu àpò náà mú. Ní ọjọ́ 11, oṣù Keje, ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pàṣẹ pé kí owó lọ tààrà sọ́dọ̀ káńsù, kí káńsù tí aráàlú kò dìbò yan alága rẹ̀ má sì rí kọ́bọ̀ gbà. Nígbà tí ọdún kan kọjá lórí ìdájọ́ yẹn, ní 2025, owó ṣì ń gba ọwọ́ gómìnà. Èyí kò dára rárá.

Ohun kan wà tó yẹ ká ṣọ́ra fún. Inú àpò àjọni ni wọ́n ti ń yọ owó oṣù olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti owó àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì kí wọ́n tó pín ìyókù. Bí a bá kàn da gbogbo owó sọ́wọ́ alága, káńsù tí olùkọ́ rẹ̀ pọ̀, tí ìpín rẹ̀ kéré, yóò jẹ olùkọ́ lówó, àwọn ọmọ yóò sì padà sílé. Nítorí náà, kí Ábùjá kọ́kọ́ yọ owó wọ̀nyí láti orísun, kó san án fún olówó, kó tó fi ìyókù ránṣẹ́ sí àkáǹtì káńsù kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n lẹ iye tó wọlé lóṣooṣù mọ́ pátákó sẹkitéríàtì, ní èdè tí ìyálọ́jà àti baálẹ̀ lè kà, kí wọ́n lè béèrè ìdí tí kò fi sí oògùn ní ilé ìlera àdúgbò wọn.