Èsì wa fún brother tó fún wa ní ìràwọ̀ kan lórí béèsì olókùn márùn-ún

Brother wa, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Èmi tí mo ni ṣọ́ọ̀bù ní Pánṣẹ́kẹ́ ni mo ń tẹ èyí fúnra mi, kì í ṣe ọmọ iṣẹ́. Mo pẹ́ kí n tó fèsì torí Èkó ni mo wà, mo lọ kó ọjà, alẹ́ Túsìdeè ni mo wọlé, ọmọ mi obìnrin ló na fóònù ẹ̀ sí mi pé "Dádì ẹ wo ohun tí wọ́n kọ nípa yín", mi ò tíì bọ́ bàtà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á tí ẹ ò mọ bó ṣe jẹ́, ọ̀rọ̀ náà rèé. Brother wa ra gìtá béèsì tuntun lọ́wọ́ wa ní ìparí November, ₦285,000, fún ṣọ́ọ̀ṣì wọn l'Ọbáńtokò. Wọ́n ní etí frẹ́ẹ̀tì (àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn béèsì, tí a ń tẹ okùn mọ́) ń ha àwọn lọ́wọ́, okùn G ń dún bí ẹni pé kòkòrò há sínú ẹ̀, jáàkì (ihò tí a ń ki kébù bọ̀) ń gé, okùn B, èyí tó nípọn jù, ò jáde, wọ́n pè wá títí a ò gbé e, ìgbà tí wọ́n wá gbé béèsì náà wá, ọmọ ṣọ́ọ̀bù wa kàn nawọ́ sí ìwé ara ògiri pé ọjà tí a bá ti tà a kì í gbà á padà. Inú bí wọn, wọ́n fi béèsì sílẹ̀ lórí káńtà, wọ́n bá tiwọn lọ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi parí ẹ̀ ni "olè ni wọ́n". Màá padà sórí ìyẹn.

Torí pé béèsì wà lọ́dọ̀ wa, alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni mo ṣí àpò ẹ̀. Mo kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn ẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, lápá ibi tí okùn G wà, ẹ ò parọ́ rárá, àfi bí ìgbà tí èèyàn fọwọ́ ra eyín ayùn. Mo tún mú ìbọ̀sẹ̀ ìyàwó mi, èyí tó fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń wọ̀ lọ sóde yẹn, mo wọ́ ọ lára ẹ̀ (ọ̀nà tí a fi ń mọ ibi tó mú nìyẹn, ìbọ̀sẹ̀ á kọ́), ó kọ́ síbi mọ́kànlá. Ìyàwó mi ṣì ń béèrè ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀ títí di bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Ọyẹ́ ló fa ìyẹn. Igi ni pátákó tí wọ́n kan frẹ́ẹ̀tì mọ́, frẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀ sì jẹ́ irin. Tí ọyẹ́ bá fẹ́, igi á gbẹ, á sún kì, irin ò sún níbì kankan, lorí ẹ̀ bá yọ síta. Oṣù Kẹsàn-án ni ọjà yẹn wọlé sọ́dọ̀ wa, òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, gbogbo ẹ̀ ń dán, ìgbà tí ọyẹ́ December dé ló hàn. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ọyẹ́ ṣe àwíjàre, àbí ọdún yìí ni ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ l'Ábẹ́òkúta ni? Ẹni tó bá ń ta gìtá níbí ó yẹ kó ní fáìlì, kó sì ti sọ fún yín ṣáájú pé tí ọwọ́ bá ń ha yín lásìkò ọyẹ́ ẹ gbé e wá, iṣẹ́ wákàtí kan ni. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún yín.

Okùn G ní tiẹ̀, kì í ṣe ọyẹ́ o. Mo fi ẹ̀gbẹ́ káàdì ATM dé orí frẹ́ẹ̀tì mẹ́ta mẹ́ta, mò ń sún un bọ̀ láti òkè, kò mì, kò mì, ìgbà tó kan kẹfà, keje, kẹjọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó kọ́-kọ́-kọ́. Frẹ́ẹ̀tì keje ga ju àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ lábẹ́ D àti G, ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀ ò wọlé tán láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí ẹ bá ti tẹ ìkẹfà lórí G, okùn á lọ fara gbá ìkeje, á wá ṣe zzzz. Nóòtì C# nìyẹn, ó sì wà nínú key F# tí àwọn oníkíbọ́ọ̀dù wa kì í kúrò lórí ẹ̀, níbo lẹ fẹ́ sá gbà. Lọ́dún 1951 tí Leo Fender gbé Precision Bass jáde l'Amẹ́ríkà, ohun tó fi pè é ní Precision ni frẹ́ẹ̀tì ara ẹ̀, pé ẹni tó ń lù ú ò ní máa táràrà wá nóòtì bíi ti béèsì onígi ńlá tí wọ́n ń gbé dúró. Frẹ́ẹ̀tì tí ò wọlé ti ba gbogbo ìyẹn jẹ́.

Jáàkì, mo tú u. Nọ́ọ̀tì ẹ̀ ò le, gbogbo jáàkì ń yí tẹ̀lé kébù, wáyà inú ẹ̀ ti lọ́ mọ́ra bí okùn, lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi jó o ṣú, kò dán, ìyẹn ni pé kò mú dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí ẹni kan bá ti fún nọ́ọ̀tì yẹn ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wa, wáyà yẹn ò bá tí lọ́. Àwa la jẹ̀bi ìyẹn.

Mo tún wọn bátìrì onífóòtì 9, mítà kà á sí 5.8. Preamp (ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé ohùn sókè) tó wà nínú béèsì yín ló ń jẹ bátìrì yẹn, tí ẹ bá sì ti ki kébù bọ̀ ọ́ ó ti ń jẹ ẹ́ nìyẹn, bóyá ẹ̀ ń lù ú o, bóyá ẹ gbé e kọ́ sórí ìdúró ẹ̀ láti Sátidé di Sọ́ńdè. Bátìrì tó bá sì ti ń kú, ohùn á máa há, á máa ya, èèyàn á rò pé jáàkì nìkan ni.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí. Ẹnìkan ti fọwọ́ kan truss rod yẹn, irin inú ọrùn tó ń bá okùn fà á. Kọ́kọ́rọ́ tí ò bá ihò ẹ̀ mu ni wọ́n fi yí i, ojú ihò náà ti ń bó. Mi ò sọ pé ẹ̀yin ni, ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́ tó ní òun mọ̀ ọ́n ṣe, gbogbo wa la ní irú ọ̀rẹ́ yẹn. Wọ́n fún un, ọyẹ́ sì ti fa ọrùn yẹn sẹ́yìn tẹ́lẹ̀, fífún ló tún wá le. Tí ẹ bá tẹ okùn kan ní frẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí ẹ tún tẹ ẹ́ níbi tí ọrùn ti pàdé ara, ó yẹ kí àyè díẹ̀ wà láàárín, bíi kí káàdì tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù sí rọra gba ibẹ̀ kọjá. Ti yín, bébà tíṣù gan-an ò wọ ibẹ̀. Mo ti dẹ̀ ẹ́, ìdá mẹ́rin ìyípo kan, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, mo tún dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i, káàdì ti ń kọjá báyìí. Nítorí náà zzzz ti frẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ sí ìkẹta tí ẹ gbọ́, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́, èyí tó wà ní ìkẹfà ni ti ilé iṣẹ́.

Ti okùn B tí ò jáde, mi ò gbà fún yín níbẹ̀. Mo ki béèsì yẹn bọ combo (ẹ̀rọ agbóhùnsókè tòun ti sípíkà ẹ̀) onínṣì 15 tó wà lọ́dọ̀ wa, ilé aláṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní kí n rọra, férémù ojú fèrèsé wọn ń gbọ̀n. B yẹn, téèyàn ò bá tẹ̀ ẹ́ níbì kankan, bíi ìgbà 31 ló ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan, combo kékeré onínṣì 8 tí ẹ jọ ń lò pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù ò lè gbé e, kì í ṣe ẹ̀bi béèsì. Tí ẹ bá wá, ẹ lù ú níbí kẹ́ ẹ gbọ́ ọ fúnra yín.

Ìpè tí ẹ pè wá ńkọ́. Mo ṣàyẹ̀wò ẹ̀, nọ́ńbà kejì orí rìsíìtì lẹ ń pè, síìmù yẹn wà lọ́wọ́ ọmọ kan tó ti kúrò lọ́dọ̀ wa láti oṣù Kẹfà, àwa sì ṣì ń já rìsíìtì yẹn fún èèyàn torí a tẹ ìdìpọ̀ ogún, kò tíì tán, a ò fẹ́ kó ṣòfò. Ẹ wo irú ahun bẹ́ẹ̀. Mo ti fi bírò fagi lé nọ́ńbà yẹn lórí gbogbo ìyókù.

Ìwé ara ògiri náà, mo ti ya á. Kí n má parọ́, mi ò ronú sí i rárá nígbà tí mo lẹ̀ ẹ́, gbogbo ṣọ́ọ̀bù àdúgbò ló lẹ̀ ẹ́, mo lọ tẹ tèmi náà ní kàfé, ₦200. Ṣùgbọ́n òfin ààbò oníbàárà ọdún 2018, èyí tí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, ń mójú tó, ò fàyè gbà á pé kí n ta ọjà tó lábùkù kí n wá fi bébà dí ojú ẹ. Ọmọ tó nawọ́ sí ìwé yẹn kò ṣe ju ohun tí mo lẹ̀ síbẹ̀ lọ, ẹ bá mi fi orí jì í, èmi ni kẹ́ ẹ bínú sí.

Ibi tó dùn mí jù nìyí. Ọmọ mi ka ohun tí ẹ kọ fún màmá mi. Màmá mi ti ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú kí wọ́n tó bí mi, kò mọ ohun tó ń jẹ́ béèsì, ó kàn bi mí pé, "Ìwọ, ṣé o ò tú u wò kó o tó tà á ni?" Mo ní màmi, nínú páálí ni, tíà-rọ́bà làwọn èèyàn ń fẹ́, tó o bá ti ṣí i wọ́n á ní ẹnìkan ti lò ó. Ó ní, "Àdìrẹ tí mò ń tà náà tuntun ni, mo sì ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí wọ́n wo ibi tí aró ò dé." Mi ò rí nǹkan sọ mọ́.

Nítorí òótọ́ ni. Méjìlá ni béèsì yẹn tó wọlé, mẹ́ta péré la ṣí láti gbé kọ́, mẹ́sàn-án yòókù la ń tà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú téèpù lórí. Ẹ̀yin náà lọ́jọ́ yẹn, ẹ rántí, ẹ ní ká má ṣí i o, pé níwájú kọ́yà lẹ fẹ́ ṣí i kí wọ́n fi ṣe fídíò. Inú tèmi náà dùn, owó ti wọlé, kò sí iṣẹ́ ńbẹ̀. Téèpù orí páálí ò sọ nǹkan kan fún wa ju pé ẹnikẹ́ni ò tíì wò ó lọ. Láàárọ̀ Wẹ́sìdeè mo ṣí mẹ́rin tó kù: ọ̀kan, nut orí ọrùn ẹ̀, ibi tí okùn ń gbà kọjá, ti là lábẹ́ okùn A, òmíràn, ọwọ́ tí wọ́n fi ń tún okùn ṣe ń yí gbirigbiri kò di nǹkan kan mú, méjì dáa. Méjì nínú mẹ́rin o. Àwọn márùn-ún tó ti jáde ńkọ́? Yàtọ̀ sí tiyín ó ku mẹ́rin lóde, mo ti pe ẹni mẹ́ta nínú wọn, ẹnìkan ní Àṣẹ̀rò ní tòun náà ń ha òun lọ́wọ́, ó rò pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn ni. Ẹnì kẹrin tó rà á, kò sí nọ́ńbà rẹ lọ́dọ̀ wa, tó o bá ń ka èyí jọ̀ọ́ gbé e wá.

Láti ọjọ́ yẹn, páálí tó bá máa jáde, a máa ṣí i, ojú oníbàárà ni, a máa ki í bọ combo, a máa tẹ gbogbo frẹ́ẹ̀tì lórí gbogbo okùn, ẹni tí ò bá fẹ́ ká ṣí i ẹ jọ̀ọ́ ẹ lọ rà á níbòmíràn. Tí ẹ bá fẹ́ fídíò, a máa da téèpù padà fún yín, kò sí wàhálà.

Tiyín wá ńkọ́. ₦285,000 yín wà nílẹ̀, gbogbo ẹ̀, mi ò ní yọ kọ́bọ̀ kan torí truss rod. Ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́ sí ìnbọ́ọ̀sì, kì í ṣe níbí o, màá sanwó lọ́jọ́ kan náà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ọ̀kan nínú méjì tó dáa yẹn, ẹ wá yàn án fúnra yín. Tó bá sì jẹ́ pé èyí tó wà ńlẹ̀ lẹ fẹ́ràn, mo ti fáìlì etí frẹ́ẹ̀tì, mo ti gbá ìkeje wọlé mo sì ti tẹ́ ẹ dọ́gba, jáàkì ti di tuntun, C# yín ti ń dún ketekete, ẹ wá gbọ́ kí ẹ tó pinnu. Èyí ó wù kẹ́ ẹ mú, tí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀ ní bí April, igi á wú, ọrùn á tún sún, ẹ gbé e wá, ọ̀fẹ́ ni.

Ìràwọ̀ kan yẹn, ẹ fi sílẹ̀, ẹ̀tọ́ yín ni. "Olè" yẹn nìkan ni mo bẹ̀ yín sí. Ẹni tó jalè mọ ohun tó gbé, èmi ò mọ ohun tó wà nínú páálí tí mo gbé fún yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi "ọ̀lẹ" rọ́pò ẹ̀, mi ò ní jiyàn.

Mo gbọ́ pé ẹ ní ìsìn ìdúpẹ́ ní Sọ́ńdè. Béèsì olókùn mẹ́rin tèmi fúnra mi wà ńlẹ̀, tokunbo ni, ó ti pẹ́ ṣùgbọ́n kì í yẹ̀, ẹ yà á títí ọ̀rọ̀ tiyín á fi yanjú. A máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù di aago méje alẹ́, tẹ́ ẹ bá máa pẹ́ ẹ pe nọ́ńbà àkọ́kọ́ orí rìsíìtì, ọwọ́ mi nìyẹn wà. Bẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi ń gbé e kọ́rùn àti píìkì yín méjì wà nínú àpò, mi ò fọwọ́ kàn wọ́n. Mo fi bátìrì tuntun sí i, tẹ́ ẹ bá ti lù ú tán ẹ yọ kébù o.