Àjọjẹ Ò Dùn Bẹ́nìkan Ò Ní

Bí ọ̀rọ̀ olówó àti tálákà bá délẹ̀ láàárín wa, òwe tó máa ń yára dé ẹnu ni "Ìka ò dọ́gba." Òótọ́ ni, ìka ò dọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ yín dáadáa: àtàǹpàkò kúrú, síbẹ̀ bí kò bá sí níbẹ̀, ìka mẹ́rin tó kù ò lè di ọkọ́ mú. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ló sì ń dé ara gbogbo wọn. Ẹni tó bá ń fi òwe yìí pa ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ lẹ́nu mọ́ kò pa á dé ìdí.

Òwe tó yẹ kó tẹ̀lé e ni "Àjọjẹ ò dùn bẹ́nìkan ò ní." Àwọn kan gbà pé ó ń sọ pé kí á má bá aláìní jẹun. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń gbà ṣáá láìmú nǹkan wá, orí ló máa ń sọ kọ́ jẹun. Ẹni tó bá sì ń fúnni ṣáá, kò ní pẹ́ di ọ̀gá lórí àwọn tó jọ jókòó. Ohun tí òwe náà ń sọ ni pé kí á rí i dájú pé olúkúlùkù ní ohun tó máa gbé wá. Òfin ni wọ́n sì fi ń ṣe é, kì í hù fúnra rẹ̀ bí ewéko.

Àwọn Ju/'hoansi, tí ìṣọdẹ jẹ́ iṣẹ́ wọn látijọ́ ní aṣálẹ̀ Kalahari ní Botswana àti Namibia, mọ èyí. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó ta ọfà kọ́ ni ẹlẹ́ran. Ẹni tó ni ọfà tó kọ́kọ́ ba ẹran ni ẹlẹ́ran, òun ni yóò sì pín in. Wọ́n máa ń fún ara wọn ní ọfà, débi pé arúgbó tí kò lè sáré mọ́, tàbí obìnrin tí kì í ṣọdẹ, lè ní ọfà nínú apó ọdẹ kan, kí ẹran sì di tirẹ̀ láti pín. Bí ọdẹ bá pa ẹran ńlá, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í bu ẹran náà kù: ó ti gbẹ, egungun lásán ni. Richard Lee, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá tó bá wọn gbé ní àwọn ọdún 1960, béèrè ìdí. Wọ́n ní ọ̀dọ́ tó bá ń pa ẹran púpọ̀ á rí ara rẹ̀ bí ìjòyè, á sì rí àwọn yòókù bí ìránṣẹ́, nítorí náà àwọn máa ń mú ọkàn rẹ̀ rọ̀.

Ilẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọba wà, ìjòyè wà, ẹrú wà, ìwọ̀fà náà sì wà. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà ló yẹ kí á dúró lé lórí, torí pé ọmọ bíbí ìlú ni, gbèsè nìkan ló dè é. Ẹni tó yá owó á wá onígbọ̀wọ́, á sì fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ dúró. Iṣẹ́ tó ń ṣe lóko olówó, èlé ni; kò dín owó tó yá kù rárá. Bó sìn ín fún ọdún mẹ́wàá, bí gbèsè ṣe wà ló wà. Àgbàlagbà ìwọ̀fà lè máa gbé nílé ara rẹ̀, ṣùgbọ́n òwúrọ̀ jẹ́ ti olówó, ìgbà tí oòrùn ò tíì mú, tí agbára ṣì wà lára. Ọ̀sán ló kù fún oko tirẹ̀. Oko náà á wá kéré, èrè rẹ̀ á kéré, owó tó yẹ kó fi ra ara rẹ̀ padà ò ní pé. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ọ̀lẹ ló so ó mọ́lẹ̀.

Láàárín àwọn tó jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn, àáró ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Bí àwọn márùn-ún bá jọ ṣe é, ọjọ́ kan lóko ẹnìkan, ẹni tó loko á bọ́ wọn. Ọjọ́ iṣẹ́ tàbí iye ebè ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka bí oko ṣe tóbi tó. Ibẹ̀ ni àáró ti máa ń bàjẹ́: bí ẹni tó ní oko ńlá bá ní kí wọ́n ṣe tirẹ̀ tán kí wọ́n tó kúrò, ọjọ́ mẹ́ta ló gbà, ọjọ́ kan ló san padà. Ẹni tó bá ń ṣàìsàn á rán ẹlòmíràn wá dípò, kò ní jẹ gbèsè.

Èsúsú ló ṣì wà pẹ̀lú wa, ó tilẹ̀ bá àwọn baba wa sọdá dé Trinidad, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní susu. Ká ní ènìyàn mẹ́wàá ń dá ₦20,000 lóṣù, ẹnìkan á máa kó ₦200,000. Ẹni tó kọ́kọ́ kó ti yá owó láìsí èlé. Ẹni tó kó kẹ́yìn ló yá gbogbo wọn lówó, sìmẹ́ǹtì sì ti lè gbówó lórí kí tirẹ̀ tó kàn án. Nítorí ìbẹ̀rù pé ẹni tó kó tán lè sá lọ, olórí èsúsú máa ń fi onílé àti onísọ́ọ̀bù ṣíwájú. Ọdún dé, ọdún lọ, tálákà ló ń kó kẹ́yìn, òun ló ń yá olówó lówó. Àtúnṣe rẹ̀ ò le. Ẹ ṣẹ́ gègé nígbà àkọ́kọ́, kí ìgbà kejì sì yí padà, kí ẹnì kẹwàá di ẹnì kìíní. Ẹ jẹ́ kí ẹni méjì méjì máa ṣe onígbọ̀wọ́ ara wọn. Àwọn tí ₦20,000 wúwo fún lè pa pọ̀ di ọwọ́ kan, kí wọ́n pín in nígbà tó bá kàn wọ́n. Olówó tó fẹ́ ní ọwọ́ méjì, kí ọ̀kan wà níwájú, kí èkejì wà lẹ́yìn.

Ti alájọ yàtọ̀. Ẹni tó ń dá ₦500 lójúmọ́ fún ọjọ́ 30 á gba ₦14,500. Owó ọjọ́ kan ni ti alájọ. N ò dá alájọ lẹ́bi, oòrùn ń pa á, ó sì ń ru ewu. Ṣùgbọ́n bí àìsàn bá mú kí ẹni náà gba owó lọ́jọ́ kẹwàá, ₦500 yẹn kan náà ló máa san nínú ₦5,000, ìdá kan nínú mẹ́wàá. Kí ó bá alájọ sọ ọ́ ṣáájú, kí owó iṣẹ́ máa bá iye ọjọ́ lọ.

Ohun tó le jù ni iye kan náà tí a bù lé gbogbo orí. Ní 1968, àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà dìde nítorí owó orí, lábẹ́ orúkọ Àgbẹ́kọ̀yà. "Ọ̀kẹ́ mẹ́fà la ó san," ni wọ́n ń ké, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè. Ìjọba ló ń dá iye tí wọ́n máa ra kòkó, owó orí ò sì bi wọ́n bóyá ọjà tà. Ẹ̀mí ṣòfò kí ìjọba tó dín in kù ní 1969.

Ẹgbẹ́ ìlú wa ń ṣe ohun kan náà lónìí. ₦10,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan: fún ẹni tó ń gba ₦50,000 lóṣù, ìdá kan nínú márùn-ún ni, fún ẹni tó ń gba ₦500,000, ìdá kan nínú àádọ́ta. Ẹ pín in sí ìpele mẹ́ta, kí akápò nìkan mọ ìpele ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ohùn gbogbo yín sì dọ́gba nígbà tí ẹ bá ń dìbò. Ẹ má yọ aláìní kúrò pátápátá, torí ẹni tí kò san nǹkan kan kì í pẹ́ dákẹ́ nínú ìpàdé, lẹ́yìn náà kì í wá mọ́. Bí kò bá lówó, kí ó fi iṣẹ́ san: ọjọ́ kan tó bá fi gbé búlọ́ọ̀kù, ẹ kà á sí iye tí ẹ̀ bá san fún lébìrà. Kí akọ̀wé kọ ọ́ sójú ewé kan náà pẹ̀lú owó àwọn yòókù, kó má ya ojú ewé ọ̀tọ̀ fún un.