Gbogbo Ayé Ti Wàjà Tán

Kò sí ẹni tí ó ń kú ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ jiyàn, kí ó gba ìdí ọjà Tàkíè kọjá, kí ó ka àwọn pósítà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri, ara òpó iná àti ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Márúwá. Yóò rí i pé àwọn bàbá papòdà, àwọn ìyá sùn nínú Olúwa, àwọn ọ̀gá awakọ̀ re ibi àgbà ń rè, bàbá kan tí ó ń ta sìmẹ́ńtì ní ọ̀nà Ìlọrin sì ti wàjà. Ohun tí ó ṣẹ́ kù tí ó ń kú láàárín wa kò ju iná ìjọba, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àti bátìrì fóònù lọ.

Èmi kò bínú sí ọ̀rọ̀ tí ó rẹwà. Yorùbá kì í la ọ̀rọ̀ ikú mọ́lẹ̀, a kì í sì í túfọ̀ bàbá fún ọmọ rẹ̀ bí ẹni ń ròyìn ewúrẹ́ tí ọkọ̀ pa. Ìdí nìyẹn tí àwọn tí ó ni èdè yìí fi ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún ikú, tí wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀. "Kú" ni ti gbogbo ẹlẹ́mìí, ti ènìyàn àti ti adìyẹ. "Ṣaláìsí" ni a fi ń rọ ọ̀rọ̀ náà lójú ẹni tí ọ̀ràn kàn. Ohun tí ó sọ kò ju pé a wá ẹni náà tì lọ. "Jáde láyé" kò gbé ẹnikẹ́ni ga, kò sì rẹ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, bóyá ohun tí ó mú kí ó bá àwọn oníròyìn rédíò lára mu nìyẹn. "Gbẹ́kuru jẹ lọ́wọ́ ẹbọra" ni ti ẹni tí omijé kò sí lójú ẹni tí ó ń ròyìn ikú rẹ̀. "Papòdà" ní tirẹ̀ ń fẹ́ ẹni tí ó ní ipò tí yóò pa dà: àgbà tí ó rí ọmọ, tí ó rí ọmọ ọmọ, tí gbogbo ẹbí ń wo ojú rẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Wàjà", èyí tí í ṣe pé ó wọ àjà lọ, ni ti ọba. Ṣọ̀ún Ajagungbadé Kẹta wàjà ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, Olúbàdàn Sálíù Adétúnjí tẹ̀ lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní ọdún 2022, nígbà tí ó sì di oṣù Kẹrin ọdún náà, Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta wàjà. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lẹ́nu àwọn rédíò wa fún bí oṣù mẹ́rin. Mo fura pé ìgbà náà ni àwọn kan gbọ́ ọ, tí ó dùn mọ́ wọn létí, tí wọ́n sì pinnu pé bí ó bá di ti bàbá àwọn náà, irú rẹ̀ ni àwọn yóò rà. Wọn kò ro àjà mọ́ ọn. Àjà ilé bàbá onísìmẹ́ńtì jẹ́ páálí funfun tí àwọn kápẹ́ńtà kàn mọ́ òkè, eku nìkan ni a sì mọ̀ pé ó ń wọ ibẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí ilé náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́. Ní Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, bí Aláàfin bá wàjà, kì í dá nìkan lọ. Àwọn abọ́bakú wà, Olókùn Ẹṣin wà lára wọn, Àrẹ̀mọ tí ó jẹ́ àkọ́bí ọba lọ́kùnrin náà sì gbọ́dọ̀ bá bàbá rẹ̀ lọ. Aláàfin Àtìbà ni ó yí ti Àrẹ̀mọ padà kí Adélù ọmọ rẹ̀ lè jọba lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí Àtìbà wàjà ní ọdún 1859, tí Adélù gorí ìtẹ́ dípò kí ó bá a lọ, Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tí ó wà ní Ìjàyè, fàáké kọ́rí pé òun kò ní tẹríba fún ẹni tí ó yẹ kí ó ti wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1860, Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, nígbà tí yóò sì fi di ọdún 1862, Ìjàyè ti di ahoro.

Ẹ wá wo dáwódù bàbá onísìmẹ́ńtì. Òun ni ó lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé, òun ni ó sanwó, òun náà ni ó tẹnu mọ́ ọn pé "wàjà" ni kí wọ́n kọ, ní lẹ́tà gàdàgbà aláwọ̀ wúrà. Tọwọ́tọwọ́ ni mo fi fẹ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ọjọ́ wo ni òun fúnra rẹ̀ ń gbéra. Bí àyè kò bá gbà á nítorí ẹrù tí ó ń bọ̀ láti Àpápá, kí ó yan ẹlòmíràn tí yóò bá bàbá lọ. Awakọ̀ bàbá náà ìbá dára fún un, àmọ́ wọ́n ní owó oṣù mẹ́ta ọkùnrin náà ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ san án ná.

Àwọn atẹ̀wé gan-an ti wá di afọbajẹ. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ìbéèrè àkọ́kọ́ wọn ni, "Màlúù mélòó ni ẹ fẹ́ pa, sà?" Bí ẹ bá ní ẹyọ kan, wọn yóò rọra tọ́ka sí "jáde láyé". Bí ó bá di méjì, "papòdà" ti yọjú. Bí ẹ bá wá dárúkọ olórin tí yóò kọrin níbẹ̀, atẹ̀wé yóò dìde fún yín, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá adé tí yóò fi sí òkè fọ́tò.

Níbi tí ẹ̀sìn bá ti pọ̀ nínú ẹbí, tí kò sì ṣọ̀wọ́n nílùú wa níbí, ọ̀rọ̀ máa ń le. Ọmọ tí ó jẹ́ Onítẹ̀bọmi a ní "sùn nínú Olúwa" ni òun fẹ́, àbúrò rẹ̀ tí ó jẹ́ Ááfà a ní ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni bàbá padà sí, èyí tí ó wá láti Amẹ́ríkà a ní ipò bàbá àwọn ni kí wọ́n wò. Kí ìjà má baà wà, wọn a kó gbogbo rẹ̀ sórí pósítà kan ṣoṣo. Báyìí ni bàbá arúgbó kan ṣe sùn, tí ó tún pa ipò dà, tí ó padà, tí ó sì wọ àjà lọ, lọ́jọ́ kan náà, bàbá tí kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láìsí ẹni tí yóò dì í mú. Ìlú tí ń ṣe èyí ni ìlú tí ìtàn sọ pé orúkọ rẹ̀ ti ara orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ wá, èyí tí Ògúnlọlá bẹ́ tí ó sì gbé lọ fún Aláàfin. Àwọn tí ó pìtàn náà fún wa kò fi igbá bo ohunkóhun. Bí ó bá jẹ́ òde òní ni, ìdílé Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ìbá ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgboro pé orí bàbá àwọn ṣíwájú rẹ̀ lọ sí ògo.

Ẹ̀rín tán níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti dé ẹnu ọ̀nà ilé ọ̀fọ̀. Tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi túfọ̀ ni ó ń kọ́ àlejò bí yóò ṣe wọlé. Òkú àgbà ni a ń kí ní "Ẹ kú ìnáwó, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ̀yìn bàbá dára", ìlù a sì máa dún. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ́ ni, ọ̀fọ̀ ni, òbí kì í dé ibi sàréè ọmọ, àlejò a rọra jókòó, a ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí irú rẹ̀ mọ́, kò sì ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá kan ní àdúgbò wa ka "papòdà" lára pósítà, ó wọ léèsì, ó wé gèlè, ó sì ti ń kí wọn kú ìnáwó láti ìta kí ó tó rí ìyá olóògbé nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí àwọn obìnrin dì í mú. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni ó papòdà. Fọ́tò kò sì lè gbà wá, nítorí fọ́tò ìgbéyàwó ni wọ́n ń lò fún ẹni àádọ́rùn-ún ọdún.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ olóògbé, bí ẹ kò bá lè fi ọ̀rọ̀ ọba sílẹ̀ fún ọba, ẹ bá wa kọ ọjọ́ orí òkú sí ibi tí ojú ti lè rí i láti títì. Ìyá tí mo sọ yẹn kò dúró dè yín. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, òun yóò kọ́kọ́ rán ọmọ kékeré lọ sí ẹ̀yìnkùlé ilé òkú, kí ó lọ wò bóyá wọ́n gbé ìkòkò kaná, kí òun tó mọ aṣọ tí òun yóò wọ̀.