Ògiri Tó Lanu Ni Eku Ń Wọ̀

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá tí mo ní láti tú òwe yìí fún. Ọ̀rọ̀ eku ni mo fẹ́ fi sọ, nítorí ohun tí mo rí lọ́jà abúlé wa lẹ́nu àìpẹ́ yìí ń bí mi nínú títí di ìsinsìnyí.

Ọkùnrin kan gun ọ̀kadà wá, ó so gbohùngbohùn mọ́ iwájú rẹ̀, ó ń pariwo pé òun ní oògùn tí eku yóò jẹ tí kò ní lè padà dé ihò rẹ̀. Kí a tó ṣẹ́jú, èrò ti bò ó. Bàbá kan ra mẹ́ta. Ìyá kan tó ń ta gàrí ra márùn-ún, ó tún ní kó fún òun ní ènì. Mo mọ ilé ọ̀pọ̀ nínú wọn. Mo mọ̀ pé àgbàdo tí wọ́n kó lóko wà ní òkìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń sùn sí. Mo mọ̀ pé abọ́ oúnjẹ alẹ́ ń sùn síta di àárọ̀. Ògiri alámọ̀ ẹ̀yìn ilé ìdáná ti là láti ìgbà òjò, kò sì sẹ́ni tó po amọ̀ dí i. A fún eku lóúnjẹ, a fún un nílé, a wá ń sanwó láti pa á.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni oyún èkúté kékeré inú ilé. Yóò bí márùn-ún, mẹ́fà, nígbà mìíràn mẹ́jọ, ó sì lè tún lóyún láàárín ọjọ́ kan tó bímọ, kí àwọn tó wà lẹ́nu ọmú tó lajú. Àwọn ọmọ náà kò ní ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ tí àwọn fúnra wọn yóò fi máa gùn. Takọtabo kan tó bá tẹ̀ lé àgbàdo wọlé nígbà ìkórè, kí ọdún Kérésìmesì tó dé, ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn ló ń sáré lórí àjà. Ẹni tó bá fi oògùn pa mẹ́ta lálẹ́ òní, ìyá kan ṣoṣo ti bí méje sínú àpò àgbàdo kí ilẹ̀ tó mọ́. Pípa nìkan kò lè bá bíbí wọn dọ́gba láéláé. Ibi tí wọ́n ń gbà wọlé àti ohun tí wọ́n ń jẹ ni a ní láti gbà lọ́wọ́ wọn.

Àwọn àgbà tún ní, bí ẹ̀bìtì ò bá peku, kó fẹyìn fẹ́lẹ́yìn. Òwe yìí gan-an ló ń sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo bá rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé kan tí kò jìnnà sí tiwa. Baálé ilé náà po ọ̀tá-píà-píà mọ́ ẹja, ó gbé e sí ìdí ìkòkò omi. Ajá rẹ̀ ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Adìyẹ ṣa ìyókù. Eku tó jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ gun àjà lọ, ó kú síbẹ̀, òórùn rẹ̀ sì lé gbogbo wọn síta. Òmíràn ń ta gìrì ní àgbàlá, ọmọkùnrin wọn kékeré sì gbé e, inú rẹ̀ ń dùn, ó fẹ́ lọ fi iná wi í. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyá àgbà tó já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ajá lọ, adìyẹ lọ, díẹ̀ ló kù kí ọmọ náà lọ. Òjò kejì kò tíì rọ̀ tí eku tún fi kún ilé, nítorí àgbàdo ṣì wà níbi tó wà. Oògùn tó pa ẹran ọ̀sìn tó sì fi eku sílẹ̀, kí ni a rí gbà padà nínú owó rẹ̀? Lọ́dún 2019 ni àjọ NAFDAC gbé òfin jáde lórí ìgò kékeré irú oògùn apakòkòrò olóró báyìí, nítorí ó ń pa ènìyàn. Síbẹ̀, a ṣì ń pò ó mọ́ ẹja nínú ilé tí ọmọ ń rá kiri.

Tó bá jẹ́ ti aṣọ tí eku ń gé àti ẹ̀wà tó ń jẹ nìkan ni, n ò bá panu mọ́. Ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá àìsàn ibà Lassa mọ̀ lọ́dún 1969, ṣùgbọ́n kì í ṣe àìsàn ará ọ̀nà jíjìn mọ́. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn ibi tó ti ń jà jù lọ ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ sì ti tọ́jú ọ̀pọ̀ ènìyàn tó kó o. Eku kan tí ọmú rẹ̀ pọ̀ lọ́nà àrà ló ń gbé e kiri, ó sì ń bímọ tó mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Àìsàn náà kì í ṣe eku ọ̀hún ní nǹkan kan; inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń gbà jáde. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń le jù, nígbà tí a bá ti dáná sun igbó tán, tí eku kò ní ibòmíràn tí yóò sá sí ju ilé wa lọ.

Ẹ wá wo èlùbọ́ àti láfún tí a sá sí ẹ̀gbẹ́ títì tí a kò bò. Ẹ wo gàrí tó wà nínú àpò tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ní òru. Èlùbọ́ yóò rí omi gbígbóná kó tó di àmàlà. Omi tútù ni a ń dà sí gàrí, a ó fi epa àti ṣúgà sí i, a ó mu ún. Bí eku bá tọ̀ sí i, kí ni omi tútù máa ṣe fún un? Ẹni tí àìsàn yìí mú kò ní mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta kí ibà tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ a sì pè é ní ibà lásán. Àwọn kan bọ́ lọ́wọ́ ikú ṣùgbọ́n etí wọn di. Torí gàrí tí a kò dé!

Ọ̀rọ̀ mìíràn tó ń dùn mí ni pé àwa fúnra wa la pa àwọn tó ń bá wa pa eku. Òwìwí ké lórí igi, a sọ ọ́ lókò, a ní ẹyẹ àjẹ́ ni, bẹ́ẹ̀ eku ni oúnjẹ rẹ̀ láti alẹ́ di àárọ̀. Ní Màléṣíà, àwọn olóko ọ̀pẹ ń kan àpótí fún òwìwí kó lè máa gbé inú oko wọn. Ológbò wọ abúlé, àwọn kan lé e, àwọn kan sè é jẹ. Ejò ló wá ń tẹ̀ lé eku wọ yàrá wa dípò rẹ̀, a tún ń béèrè ẹni tó rán an.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Ihò tí bírò bá ti lè wọ̀, èkúté kékeré lè gbà á kọjá; símẹ́ńtì tàbí nẹ́ẹ̀tì onírin ni kí ẹ fi dí i, ẹ má fi àkísà dí i, yóò gé e. Ẹ kó àgbàdo kúrò nínú yàrá, ẹ kọ́ àká tó ga tó mítà kan sílẹ̀, ẹ ká páànù mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí eku má lè gùn ún. Inú dúrọ́ọ̀mù tàbí ike tó ní ìdérí ni kí gàrí wà. Ẹ gé igbó tó ká ilé mọ́. Pàkúté dára, ẹ dẹ ẹ́ sí ẹ̀bá ògiri tí wọ́n ń gbà kọjá. Bí ẹ bá rí òkú eku tàbí ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ má gbá a ní gbígbẹ. Ẹ da omi oníbílíìṣì sí i, kó rin dáadáa, kí ẹ tó fi ọ̀rá bọ ọwọ́ kó o. Bí ibà bá sì mú ẹnikẹ́ni tí oògùn ibà kò ṣe é, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé alágbo.

Ẹ má sọ fún mi pé kò sí owó. Amọ̀ kì í ṣe títà lábúlé wa. Ìdérí ìkòkò kò wọ́n ju oògùn márùn-ún tí ẹ rà lọ́wọ́ ọlọ́kadà. Ẹ má sì sọ fún mi pé kò sí àyè, nítorí mo ń rí yín. Ọkùnrin tó lè jókòó ti ọpọ́n ayò láti ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́, tí ìyàwó rẹ̀ ń fi ọwọ́ òfo ṣa ìgbẹ́ eku kúrò nínú ìrẹsì, ó lè po amọ̀. Kó dìde.