Eré Orí Ìtàgé Ni Kí A Fi Kọ́ Àwọn Ọmọ Wa Nípa Omi Àdúgbò Wọn

Nígbà tí a wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n kọ́ wa nípa omi ni pé kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò sì ní adùn. A há a sórí, a kọ ọ́ nínú ìdánwò, a sì gba máàkì. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa pé omi tí òjé, irin olóró tí àwọn òyìnbó ń pè ní lead, wà nínú rẹ̀ náà lè mọ́ gaara, kó má rùn, kó má sì yàtọ̀ lẹ́nu. Ìdí nìyí tí mo fi gbà tọkàntọkàn pé eré orí ìtàgé ló yẹ kí a máa fi kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí, nítorí pé ohun tí ojú kò lè rí nínú ife, eré lè gbé e dìde kó máa rìn níwájú wọn.

Òṣogbo ni mò ń gbé, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí odò wa. Odò Ọ̀ṣun tí a ń kì fún omi tútù tí í wo ọmọ sàn ti pọ́n bí omi amọ̀ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nítorí pé àwọn awakùsà wúrà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń fọ yẹ̀pẹ̀ sínú àwọn odò tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀, àwọn mìíràn nínú wọn sì ń fi mákúrì, irin olómi tó jẹ́ májèlé, kó wúrà jọ. Ní ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ wá sí ọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má ṣe mu omi náà. Òjé náà lè wà nínú òkúta wúrà, ọpọlọ ọmọdé ló sì máa ń bà jẹ́ jù. Ní Zamfara ní ọdún 2010, eruku òjé láti inú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ láàárín ilé pa ọgọ́ọ̀rọ̀ ọmọ.

Ní sáà tó kọjá, mo wo eré kan tí àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ṣe nílé ìwé kan ládùúgbò wa. Àwọn ọmọ bíi mẹ́jọ di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n di ìkòkò. Àwọn mìíràn ń mi aṣọ pupa nísàlẹ̀, ìyẹn iná. Nínú ìkòkò ni àwọn kòkòrò àìfojúrí wà, tí wọ́n fi ọ̀rá dúdú bora, tí wọ́n ń fò sókè tí wọ́n ń fò sódò, ọmọkùnrin kan sì dúró láàárín wọn tó fi aṣọ eléérú wé ara rẹ̀ tó sì gbé òkúta lọ́wọ́. Òun ni òjé. Bí omi ti ń hó, àwọn kòkòrò ń ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn òbí sì ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tí iná kú, gbogbo kòkòrò ti kú, ṣùgbọ́n òjé ṣì dúró gbọn-in gbọn-in, kò tilẹ̀ mira. Ìyá kan tó jókòó lẹ́yìn mi ní, "Háà! A jẹ́ pé sísè nìkan kò tó?" Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń gbọ́ ìkéde nípa omi sísè lórí rédíò, n kò sì gbọ́ kí ẹnìkan bèèrè ìbéèrè yẹn rí.

Àwọn kan ń sọ pé eré lásán ni, pé ẹ̀rọ omi ni kí ìjọba ṣe. Kí ìjọba ṣe é, a fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ rántí sòbìà. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ka àwọn tó lé ní 650,000 tó ní in ní Nàìjíríà lópin àwọn ọdún 1980, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tàbí oògùn kan tó lé e lọ. Mímọ̀ tí àwọn ènìyàn mọ̀ pé inú omi adágún ló ti ń wá, tí wọ́n sì ń fi aṣọ sẹ́ omi kí wọ́n tó mu ún, wà lára ohun tó lé e lọ, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) fi jẹ́rìí ní 2013 pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa.

Ohun tí n kò fẹ́ ni eré tí wọ́n ti kọ síbòmíràn, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ọṣẹ àti ọwọ́ fífọ̀ nìkan. Kànga tí àwọn ọmọ ń pọn ni kí eré dá lé lórí. Kí wọ́n fi okùn wọn bí ó ti jìnnà sí ṣáláńgá tó, bóyá ó pé ọgbọ̀n mítà. Ìgò kékeré kan wà tí a fi ń yẹ omi wò, tí bébà tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn wà nínú rẹ̀. Bí ìgbẹ́ bá ti kan omi tí a bù sí i, láàárín ọjọ́ kan sí méjì yóò dúdú bí èédú. Kí eré bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, kí ìgò náà wà lórí tábìlì lójú gbogbo kíláàsì, kí a sì parí eré lọ́jọ́rú. Kí a má sì ṣe di ẹ̀bi ru àwọn ìyá tó ń pọnmi, tàbí kí a kọ́ ọmọ láti kórìíra odò tó bí ìlú rẹ̀. Ìlú tí wọ́n dá Mbárí Mbáyọ̀, ilé eré àti iṣẹ́ ọnà, sí ní 1962 kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré ṣíṣe.

Nígbà tí eré náà parí, òjé ṣì wà lórí ìdúró. Ó bi olùkọ́ rẹ̀ pé, "Tíṣà, ta ló máa wá lé mi lọ?" Olùkọ́ ní àwọn fúnra wọn ni yóò kọ apá kejì, tí wọn yóò tọ odò náà lọ sókè títí dé ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà. Mo ti ṣèlérí aṣọ àti oúnjẹ fún wọn. Ìwé ìpè àkọ́kọ́ yóò lọ sí Àbújá, sọ́dọ̀ àwọn tó ń buwọ́ lu ìwé àṣẹ ìwakùsà.